Kámẹ́rà Ti Dá Ọmọ Wa Lẹ́jọ́ Kó Tó Lanu: Bí Fíìmù Ṣe Ń Sọ Gbogbo Ọ̀dọ́ Di Ọmọ Yahoo

Bí ẹnìkan bá ní kí á ṣàpèjúwe ọmọ Yahoo lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní ronú jìnnà. Ọ̀dọ́kùnrin ni. Ó di irun ní dàda, ṣéènì ń dán lọ́rùn rẹ̀, ó gbé báàgì láptọ́ọ̀pù kọ́ ẹ̀yìn, fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ju owó oṣù tíṣà lọ. Àpèjúwe náà á máa yọ lẹ́nu wa bí ẹni pé a jọ ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ nínú wa kò bá ọmọ Yahoo kankan jókòó rí. Níbo la ti wá mọ ojú rẹ̀ tó báyìí? Inú fíìmù ni, inú eré orí tẹlifíṣọ̀n ni, àti inú àwọn eré kéékèèké tí gbogbo wa ń wò lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré ṣíṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta káàkiri Nàìjíríà pé kí ìjọba tú ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS ká, lára ẹ̀sùn tí wọ́n ń tún sọ léraléra ni pé irun orí, aṣọ ara, fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù lásán ti tó ẹ̀rí lójú àwọn ọlọ́pàá náà láti dá ọmọ dúró lójú títì, kí wọ́n sì pè é ní ọmọ Yahoo. Ọjọ́ 11 oṣù náà ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé SARS kò sí mọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ EFCC wọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀ lóru, wọ́n sì kó nǹkan bí 70 nínú wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n dá àwọn kan sílẹ̀. Alága EFCC fúnra rẹ̀ pàṣẹ lẹ́yìn náà pé kí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà dẹ́kun irú ìkọlù òru bẹ́ẹ̀.

A kò sọ pé fíìmù ló rán EFCC lọ sí Ifẹ̀ o. Ohun tí a ń bi ara wa ni pé, nígbà tí a gbọ́ ìròyìn náà nínú ilé, kí ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa? Ọ̀pọ̀ ló sọ pé, "Ó tọ́ sí wọn." A ti dájọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ìwádìí. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ọ̀ràn tiwa yìí, a kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan. Àwòrán tó ti wà lọ́kàn wa tẹ́lẹ̀ la fi dá a.

Jìbìtì Wà Lóòótọ́

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu ènìyàn ní jìbìtì wà, hàráàmù sì ni owó wọn, orúkọ yòówù kí wọ́n fún un. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ní Abẹ́òkúta, àwọn ọlọ́pàá mú àwọn ọ̀dọ́ kan lórí ẹ̀sùn pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan, wọ́n sì ń sun orí rẹ̀ láti fi ṣe oògùn owó. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé orí Facebook lòun ti wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sí òbí tó gbọ́ ìròyìn yẹn tí ẹ̀rù kò bà.

Ẹ̀rù yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù ìwà àwọn kan má sọ wá di ẹni tó ń fura sí gbogbo wọn. Ibi tí iṣẹ́ fíìmù ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí: ó mú ojú ẹnìkan, ó sì fi bo ojú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun Tí Kámẹ́rà Ń Sọ Kí Ọmọ Tó Sọ̀rọ̀

Ó yẹ kí á mọ ìdí tí àwọn tó ń ṣe fíìmù fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń ya eré tán, orí YouTube tí púpọ̀ nínú àwọn eré Yorùbá sì ti ń jáde báyìí kò ní sùúrù: bí òǹwòran kò bá mọ ẹni tó jẹ́ ẹni burúkú ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, á fọwọ́ ra á kọjá sí òmíràn. Nítorí náà, wọ́n nílò àmì tí gbogbo ènìyàn á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmì yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀dọ́kùnrin inú fíìmù, bí ẹní ń to búlọ́ọ̀kù.

Aṣọ ló ń ṣáájú. Kí ọmọ tó sọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n ti fi ìwọṣọ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Bí wọ́n bá gbé e sísàlẹ̀ kó máa wo ọmọ náà lókè, á rí gàgàrà bí ẹni tó fẹ́ ṣe ènìyàn ní ibi. Bí wọ́n bá gbé e sókè kó máa wò ó nílẹ̀, á rí bí ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ń sá pamọ́. Wọ́n á pa iná apá kan ojú rẹ̀ kí ìdajì rẹ̀ wà nínú òkùnkùn. Wọ́n á fi ìlù tó rọra ń dún kíkankíkan sí i lábẹ́, ìlù tí etí wa ti mọ̀ pé nǹkan burúkú ń bọ̀ bó bá ti dún.

Ẹ tún kíyè sí ohun tí kámẹ́rà kọ́kọ́ sún mọ́. Kò sún mọ́ ojú ọmọ náà. Òrùka rẹ̀ ló sún mọ́, lẹ́yìn náà bàtà, lẹ́yìn náà fóònù, lẹ́yìn náà àwòrán tó fín sí apá. Wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́ kó tó di ènìyàn lójú wa. Ẹrù ara rẹ̀ la mọ̀, a kò tíì mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọmọ kan náà síbòmíràn nínú ọkàn wa. Òwúrọ̀ ni, oòrùn wà lójú rẹ̀, kámẹ́rà wò ó ní ojúkorojú, ohùn ìyá rẹ̀ ń dún láti inú ilé pé kó má gbàgbé oúnjẹ rẹ̀. Irun kan náà, fóònù kan náà, báàgì kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ síléèwé la rí yẹn. Kò sí ohun tó yí padà lára ọmọ náà. Ọwọ́ ẹni tó ń yà á ló yí padà.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Lev Kuleshov, olùdarí fíìmù kan ní Rọ́ṣíà, ti dán irú nǹkan yìí wò. Wọ́n ní ó mú àwòrán ojú òṣèré kan tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì sunkún, ó so ó mọ́ àwòrán àwo ọbẹ̀. Ó tún so ojú kan náà mọ́ àwòrán pósí, ó sì so ó mọ́ àwòrán obìnrin kan. Àwọn tó wò ó yin òṣèré náà gidigidi: wọ́n ní ebi hàn lójú rẹ̀ níwájú ọbẹ̀, ìbànújẹ́ sì hàn níwájú pósí. Ojú kan ṣoṣo ni. Àwọn òǹwòran ló fi ọkàn ara wọn kún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí fíìmù bá fi ojú ọ̀dọ́kùnrin kan hàn wá, tó sì gé e lọ sí àwòrán ọmọbìnrin tí wọ́n ń wá. A rò pé a ti rí ẹ̀ṣẹ̀ lójú rẹ̀. Àwòrán méjì tí wọ́n tò mọ́ ara wọn ni a rí.

Láàárín Igbá Àti Owó

Èyí tó léwu jù fún àwa Mùsùlùmí wà nínú ìgékúrú yìí. Láti ìgbà tí Living in Bondage jáde lédè Ìgbò ní ọdún 1992, ìtàn ọkùnrin tó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe owó, ni oògùn owó ti di ọjà tó ń tà nínú fíìmù ilẹ̀ yìí, tí àwọn eré Yorùbá kò sì gbẹ́yìn. Gbogbo wa mọ bó ṣe ń lọ. Ọ̀dọ́ kan lọ bá babaláwo tàbí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ààfáà. Igbá wà nílẹ̀, àbẹ́là ń jó, wọ́n pe ọfọ̀. Ìran tó tẹ̀lé e, owó kún ilẹ̀.

Kí ló wà láàárín igbá àti owó náà? Kò sí nǹkankan. Olùdarí eré ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró, àwọn òṣìṣẹ́ to owó sílẹ̀, wọ́n sì tan kámẹ́rà padà. Ẹni tó gé fíìmù ló bí owó náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlá tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kò rí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn. Ohun tó rí ni pé wọ́n ṣe é, ó sì jẹ́.

Àwọn onífíìmù máa ń sọ pé àwọn kò gbé e lárugẹ, nítorí pé ọmọ náà á ya wèrè tàbí kó kú níparí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìyà ìparí yẹn ń sọ pé oògùn owó léwu ni, kò sọ pé irọ́ ni. Ọmọ tí ebi ń pa, tí kò bẹ̀rù ewu, kò rí ìdí kankan níbẹ̀ tí kò fi yẹ kó gbìyànjú. Àdìsọ́kàn wa sì ni pé ọwọ́ Ọlọ́hun nìkan ni àrísìkí wà, pé kò sí orí ènìyàn tó lè bí náírà kan. Fíìmù tó ń fi òdìkejì èyí hàn láìdáwọ́ dúró ń kọ́ ọmọ wa ní ohun tí ilé kéwú kò kọ́ ọ.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ tí kò ṣe oògùn rárá. Fíìmù lágbára láti ká ọdún mẹ́wàá sínú ìṣẹ́jú kan. Kí ló wá ń ká kúrú? Iṣẹ́ ni. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ títún fóònù ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà, èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, èyí tó ń jí lóru kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, èyí tó há Alukuráánì sórí láti ojú wàláà: iṣẹ́ wọn kò dùn ún wò, nítorí náà ó máa ń bọ́ sílẹ̀. Ìnáwó ni kámẹ́rà máa ń falẹ̀ sí: ọkọ̀ tuntun, ìgò ọtí, ilé ìtura, owó tí wọ́n ń fọ́n sáfẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ayé dúró.

Bí a bá wo irú èyí fún ogún ọdún, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ aládùúgbò wa bá ra ọkọ̀? Àlàyé méjì péré ló wà lọ́kàn wa, Yahoo tàbí oògùn. Ìkẹta, ìyẹn iṣẹ́, kò sí ẹni tó fi hàn wá rí. George Gerbner, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí irú nǹkan báyìí ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n púpọ̀ máa ń gbà pé ayé léwu ju bó ṣe rí gan-an lọ, pé àwọn ènìyàn kò sì ṣe é fọkàn tán. Ẹ wo bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́ wa nísinsìnyí.

Àwa Náà Mọ Bó Ṣe Ń Dunni

Ó yẹ kí Mùsùlùmí tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí wọ́n ti ṣe é fún wa. Jack Shaheen, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà, wo fíìmù Hollywood tó lé ní 900 láti mọ bí wọ́n ṣe ń fi Lárúbáwá hàn, ó sì rí i pé nínú èyí tó pọ̀ jù, ẹni ibi ni wọ́n. Ní ọdún 2017, òṣèré Mùsùlùmí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Riz Ahmed, lọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bìrìtìkó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú kí àwọn kan gbé ìbéèrè márùn-ún kalẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e fún ẹni tó bá ń wo Mùsùlùmí nínú fíìmù: ṣé ọ̀rọ̀ ìpániláyà ló bá a débẹ̀? Ṣé ó kàn ń bínú láìnídìí? Ṣé wọ́n fi í hàn bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò là? Ṣé wọ́n fi í hàn bí ewu fún ìgbé ayé àwọn Òyìnbó? Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ṣé ó ń ni obìnrin lára. Bó bá sì jẹ́ obìnrin, ṣé ọkùnrin ló ń ni ín lára?

Kò dìgbà tí a bá dé Hollywood. Nínú eré Yorùbá tiwa, ọ̀dọ́ tó bá wọ jalàmíà tó sì mú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń fún un: kó máa tẹ yanrìn, tàbí kó máa fi àdúà gba owó. Ọmọbìnrin tó lo hìjáàbù, bí kò bá jẹ́ alábòsí tó ń bọ́ ọ sínú báàgì lẹ́nu géètì iléèwé, á jẹ́ ẹni tí kò lóhùn nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ òfin, oníṣòwò, tí wọ́n ń lo hìjáàbù lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kámẹ́rà kì í sábà rí wọn. Bí èyí bá ń dùn wá, ẹ jẹ́ kí á rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ló ń dun ọmọ tó di irun tí kò jalè.

Òfin Ọdún 2024 Àti Ibi Tí Kò Dé

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí ìlànà tuntun kan. Ó lòdì sí fíìmù, fídíò orin àti àwọn eré kéékèèké tó bá ń ṣe oògùn owó, fífi ènìyàn ṣètùtù àti sìgá lọ́ṣọ̀ọ́ lójú àwọn òǹwòran. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, a sì gbóríyìn fún wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìlànà yẹn ń wò ni bóyá fíìmù mú kí ìwà burúkú wuni. Kò bi í pé ta ni wọ́n fi ṣe ẹni burúkú nígbà gbogbo. Fíìmù lè bú oògùn owó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó tẹ̀lé ìlànà náà pátápátá, síbẹ̀ kó jẹ́ kí á jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìfura sí gbogbo ọmọ tó gbé láptọ́ọ̀pù. Kò sí òfin ìjọba tó lè wo ìyẹn. Inú ilé wa ni wọ́n ti lè wò ó.

Ọ̀rọ̀ Gangs of Lagos náà fi nǹkan hàn wá. Nígbà tí fíìmù náà jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó fárígá nítorí bí wọ́n ṣe lo Ẹ̀yọ̀ nínú rẹ̀. Kí á sòótọ́, fíìmù náà kò dá àwọn ọ̀dọ́ nìkan lẹ́bi. Ó fi hàn pé àwọn àgbà àti olóṣèlú ló ń bọ́ wọn fún ìjà. Síbẹ̀, ariwo tí wọ́n pa nítorí aṣọ Ẹ̀yọ̀ ga ju èyí tí wọ́n pa nítorí àwọn ọmọ lọ. Ìsàlẹ̀ Èkó kún fún mọ́ṣáláṣí àti ilé kéwú. Ọmọ tó bá wá láti ibẹ̀ wá iṣẹ́ ní ìta, tí ẹni tó fẹ́ gbà á ti wo fíìmù, ta ni yóò bá a sọ pé kì í ṣe òun nìyẹn?

Kí Ni Kí Á Ṣe?

Nínú Súrà Hujuráátì, áyà kẹfà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwa onígbàgbọ́ pé bí ẹni tí kò ṣe é gbára lé bá mú ìròyìn wá, kí á ṣe ìwádìí, kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn kan ní ibi, kí á sì wá kábàámọ̀. Ní áyà kejìlá, ó kọ̀ fún wa láti máa fura púpọ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú apá kan ìfura. Àròsọ ni fíìmù, kì í tilẹ̀ ṣe ìròyìn. Báwo ni a ṣe wá ń fi í jẹ́rìí?

Ẹ rántí Usamah ọmọ Zayd. Ó pa ọkùnrin kan lójú ogun tó ti jẹ́rìí pé kò sí ọlọ́hun mìíràn àyàfi Allāhu, nítorí ó rò pé ẹ̀rù idà ló mú un sọ ọ́. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bi í léèrè bóyá ó la ọkàn ọkùnrin náà wò ni. Usamah yìí kan náà, nígbà tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 18 sí 20 lọ, ni Ànábì fi ṣe olórí ọmọ ogun tí àwọn àgbà Sàhábà wà nínú rẹ̀. Àwọn kan kùn nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ànábì dúró tì í, ó sì sọ fún wọn pé ipò náà tọ́ sí i. Àwọn ará ihò tí a ń ka ìtàn wọn nínú Súrà Kahf ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀dọ́ ni Ọlọ́hun pè wọ́n.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá àwọn ọmọ yín wo ohun tí wọ́n ń wò. Bí ìran owó bá dé, ẹ bi wọ́n pé, "Níbo ni owó yìí ti wá? Ta ló gbé e síbẹ̀?" Bí ìlù bá yí padà, ẹ bi wọ́n pé kí ni ọmọ yẹn tíì ṣe tí wọ́n fi ń lu irú ìlù bẹ́ẹ̀ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dáhùn, ọjọ́ tó bá sì dáhùn ni agbára ìran náà lórí rẹ̀ á ti dín kù. Ẹ má sì fi orúkọ inú fíìmù pe ọmọ yín. Bí ẹ̀ ń fura sí owó rẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ ní kó fi hàn yín. Ìwádìí nìyẹn. Èébú kì í ṣe ìwádìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òtítọ́ ni pé wọ́n ń dá yín lẹ́jọ́ lórí ohun tí ẹ kò ṣe. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yín hàn síta, kí owó yín jẹ́ hàláàlì, kí ẹ sì má fi tinútinú gbé ìwà tí fíìmù rán yín wọ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń ṣe fíìmù, a kò ní kí ẹ ya gbogbo ọ̀dọ́ bí mọ́láíkà. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni ìṣẹ́jú márùn-ún nínú wákàtí méjì, kí kámẹ́rà dúró ti ọmọ tó ń ṣiṣẹ́, kó sì wò ó lójú.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa níbi jìbìtì, kó ṣọ́ wọn níbi àbùkù tí kò tọ́ sí wọn, kó sì ṣọ́ ojú àti ọkàn àwa òbí wọn níbi ìdájọ́ àìmọ̀. Àmín.